Bọ́ọ̀lù tí Kò Bá Ọwọ́ Ọkọ Mi Mu

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí wọ́n yí àwọ̀ owó padà ni, nígbà tí àwọn sójà ṣì ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà ní Ìyànà Ìpájà. Èmi kò kàwé, n kò mọ iye tí wọ́n ń pe ọdún náà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ka tèmi. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń gbálẹ̀ nígbà náà. Títí dòní, bí mo bá di ojú mi báyìí, òórùn ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ padà wá bá mi: òórùn bàtà àjọwọ̀ tí oríṣiríṣi ẹsẹ̀ ti wọ̀ láìsí ìbọ̀sẹ̀, tí wọn kì í sá sóòrùn, òórùn epo tí wọ́n fi ń pa ojú pátákó, àti òórùn ata pẹ̀lú ọ̀rá ẹran tó ti kú sínú ihò bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ti gbọ́ òórùn ojú gọ́tà rí, ẹ ti gbọ́ òórùn ẹja tó bàjẹ́. Èyí burú jù ú lọ, nítorí pé wọ́n máa ń fín lọ́fínńdà bò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ yé ẹni tí kò dé irú ibẹ̀ rí. Eré òyìnbó kan ni, bólíǹgì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á to àwọn igi kan tó dà bí ìgò sí ìparí pátákó gígùn tó ń dán, ènìyàn á wá ki ìka mẹ́ta bọ inú ihò mẹ́ta lára bọ́ọ̀lù kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ, á sáré díẹ̀, á sì yí i lọ kí ó lè bi àwọn igi náà ṣubú. Kòtò wà lọ́tùn-ún, kòtò wà lósì. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí kòtò, òfo ni. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló rí eré náà nílùú òyìnbó, ló bá ra ẹrù àlòkù, ó kó o wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí ẹrẹ̀ ojú títì wa ṣì ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Àwọn onílé àti àwọn oníṣòwò á wá síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, wọn á jẹ, wọn á mu, wọn á sì máa yí bọ́ọ̀lù.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n nu bàtà, kí n sì fọ ihò àwọn bọ́ọ̀lù náà. Ṣíọ̀! Wọn á fi ọwọ́ jẹ orí ewúrẹ́, wọn á lá a, wọn á fi í nu ṣòkòtò, wọn á sì ki í bọ ihò tí ẹlòmíì máa ki tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo máa ń wé àkísà mọ́ igi tín-ín-rín, mo máa ń rì í sínú omi ọṣẹ. Ohun tí mo máa ń fà jáde, bí mo bá dárúkọ gbogbo rẹ̀, ẹ ò ní jẹun alẹ́: ọ̀rá dídì, irun, èérún èékánná, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ tì. Kì í ṣe ọmọ ìta ló ń ṣe ẹ̀gbin yẹn o. Àwọn tó wọ léèsì funfun ni. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá múra tó bá dára, ìka rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù tún rí mi lára ju ihò rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù pọ̀ lórí pẹpẹ: èyí tó fúyẹ́ wà, èyí tó wúwo wà, èyí tí ihò rẹ̀ há wà, èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ wà. Ó yẹ kí ènìyàn ki ìka bọ̀ ọ́, kí ó gbé e wò, kí ó mọ èyí tó bá òun mu. Àwọn tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ipò ni wọ́n fi ń pín in, bí ẹni ń pín ẹran nílé ìkómọ. Ẹni tó dàgbà jù ló máa kọ́kọ́ nawọ́, dúdú tó wúwo jù ni yóò sì gbé, torí ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ àná gbé ohun tó wúwo ju tòun lọ? Ẹni tó tẹ̀lé e á gbé èyí tó tẹ̀lé e. Mo rí bàbá kan níbẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kò lè gbé garawa omi nílé, tó rọ́ bọ́ọ̀lù dúdú náà mọ́ ikùn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́: "Ẹ kú agbára, bàbá!" Bọ́ọ̀lù pupa kékeré kan wà níwájú rẹ̀ gan-an tí ì bá bá a mu. Kò jẹ́ wò ó. Wọ́n ní tàwọn obìnrin ni.

Ọkọ mi ni ẹni tí mo rí tó mú bọ́ọ̀lù bó ṣe yẹ. Télọ̀ ni, ohun tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ọnà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe sí ọrùn àti àyà agbádá. Kì í fi ẹ̀rọ ṣe é o. Abẹ́rẹ́ ni, òwú ni, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló sì ń ti abẹ́rẹ́ náà kọjá nínú aṣọ. Àwọn ènìyàn ń ti Òkè-Odò gbé agbádá wá bá a nítorí àtàǹpàkò yẹn. Òun ló ń bọ́ èmi àti àwọn ìbejì wa. Ìgbálẹ̀ tèmi, iyọ̀ inú ọbẹ̀ lásán ni.

Wọ́n pè é wá rán kọ́tìnnì sí gbọ̀ngàn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tí kò sí oníbàárà kankan, ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀ máa ń ní kí àwa òṣìṣẹ́ ṣeré bó bá wù wá. Ọkọ mi dúró ti pẹpẹ, ó ń ki ìka bọ àwọn bọ́ọ̀lù náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọn ọrùn ẹ̀wù. Mo bi í pé kí ló sọ nù.

"Ìyá Táíwò, bọ́ọ̀lù ò yàtọ̀ sí aṣọ," ó wí. "Bó bá há, àtàǹpàkò ò ní jáde nígbà tó yẹ. Bó bá gbòòrò, màá máa há a mọ́ra, ọrùn ọwọ́ á sì máa dùn mí. Wẹ́rẹ́ ni kó wọlé, wẹ́rẹ́ ni kó jáde."

Èyí tó mú níkẹyìn, aláwọ̀ eérú kan ni, ara rẹ̀ ti bó, kò dán mọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú gbogbo ẹwà tó wà níbẹ̀, arúgbó ló lọ fẹ́. Ó ní àìdán rẹ̀ gan-an lòun ń wá. Ó fi ìka pa ojú pátákó, ó fi han èmi náà: bí epo bá pọ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń dán á kàn máa yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ilá, kò ní gbọ́ ohun tí ọwọ́ sọ fún un. Èyí tí ara rẹ̀ rí háráhárá ló ń rí nǹkan dì mú, òun ló ń rọra tẹ̀ wọ àárín àwọn igi náà. Bí pátákó bá sì gbẹ, nígbà náà ni kí ènìyàn lọ gbé èyí tó ń dán, torí èyí tó rí háráhárá á ti tètè yà bàrá sínú kòtò. Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó yí aláwọ̀ eérú rẹ̀, àwọn igi náà sì dà wó gbàrà-gàdà. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ọkùnrin tí ń jókòó tẹ orí wọ inú aṣọ láàárọ̀ dalẹ́, n kò rí i kó na ara báyẹn rí.

Àṣé bàbá onílé wa ti gbọ́ nípa rẹ̀. Yàrá kan la háyà nínú ilé bàbá náà. Òun ni alága àwọn onílé àdúgbò wa, ènìyàn kúkurú, pẹlẹbẹ, ìka rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Orógbó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, wàá máa rí i tó ń ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bọ́ sí èkejì, ètè rẹ̀ á sì máa yọ ìfófòó aláwọ̀ ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi bọ́ọ̀lù bólíǹgì kan ránṣẹ́ sí i, pupa, tó ń dán bí ọkọ̀ tuntun, ìwọ̀n ìka bàbá náà ni wọ́n sì fi lu ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà rò pé alágbára ni bàbá òun ṣì jẹ́. Ó wúwo jù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló jù ú lù. Láti ọjọ́ náà, orí àga ni bọ́ọ̀lù ń gbé ní pálọ̀ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fi òwú hun bò ó lórí, kò sì sí àlejò tí kò ní ṣí i hàn.

Nígbà tó wá di pé àwọn onílé Ẹ̀gbẹ́dá àti ti Ìkòtún fẹ́ bára wọn ta kàn-ǹ-gbọ̀n lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, bàbá onílé ní kí Télọ̀ wá kún ẹgbẹ́ tàwọn. Ta ni ayálégbé tó máa ní òun ò wá?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní kí wọ́n fi epo kún epo, kí ojú pátákó lè dán bí dígí fún àwọn àlejò. Bí ọkọ mi ti dé, ó fi ìka kàn án, ó mi orí.

"Èyí ti pọ̀ jù," ó wí fún mi. "Bá mi wá aláwọ̀ eérú mi, jàre."

Mo ti fọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún un, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì fi aṣọ tó mọ́ nu inú ihò rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ó ti gbé e lọ́wọ́ tán nígbà tí bàbá onílé wọlé tòun ti àwọn onílé ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọkùnrin kan gbé bọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù náà lẹ́yìn wọn bí ẹni gbé ìkókó.

"Télọ̀! Ju ọ̀bùn yẹn sílẹ̀, kí o wá síbí."

Ọkọ mi gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù ilé wa nìyí. Mi ò tíì fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Ìwọ ni mo yàn."

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi dìde dórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ ò ní ṣìnà, sà. Ó kàn jẹ́ pé àtàǹpàkò mi ló tóbi díẹ̀..."

"Àtàǹpàkò wo? Ẹ gbọ́ o! Bàbá dáṣọ fún ọmọ, ọmọ ní ó há!" Ẹ̀rín sọ. "Gbà á, jàre!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí àgbà bá na nǹkan sí ọ, ọwọ́ méjèèjì lo fi ń gbà á, lẹ́yìn náà lo tó máa wò ó bóyá iná ni. Ó gbà á. Mo rò pé ó parí síbẹ̀, kò mà parí o. Bàbá onílé ní òun gbọ́dọ̀ wúre sí i. Ó gé orógbó tuntun jẹ, ó ń rún un, ó ń wúre: pé orógbó ní í gbó ni sáyé, pé a ó gbó, a ó tọ́, pé ojú kò ní ti ilé wa. "Àṣẹ! Àmín!" ni gbogbo wọn ń wí. Ló bá tẹ orí, ó gbé ẹnu lé orí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà níkọ̀ọ̀kan: pùú! pùú! pùú! Ibi tí mo dúró sí, mo rí i bí itọ́ náà ṣe ń fà bí ilá láti ètè rẹ̀ títí dé ara bọ́ọ̀lù, tòun ti èérún orógbó tó rún. Mo mú aṣọ tó mọ́ lọ́wọ́ mi, mo sún mọ́ wọn.

Bàbá onílé yíjú sí mi. "Kí lo fẹ́ nù? Ṣé ìwúre mi ni ìdọ̀tí?"

Ọkọ mi wò mí, ó rọra mi orí pé kí n padà. Ó wo ihò náà. Ó di ojú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo, ó ki ìka bọ inú itọ́ ẹlòmíràn. Àtàǹpàkò kò fẹ́ wọlé. Ó yí i, ó tì í, ó wọlé. Mo gbọ́ ọ tó dún pọ̀ọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ o, ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, itọ́ tún kún ẹnu mi.

Èyí tó kọ́kọ́ yí, ó yọ̀ lọ tààrà lórí epo, kò tẹ̀, kò yà, àfi gbàgà nínú kòtò. Àwọn ará Ìkòtún fò sókè. Alága wọn, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó sanra tó ń ta símẹ́ǹtì, ká ọwọ́ yí ẹnu, ó ké sí wa.

"Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ́dá! Àbí gọ́tà lẹ wá gbẹ́ ni? Ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, a nílò ọ̀kan!"

Èkejì tún bọ́ sí kòtò kejì. "Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n ti gbẹ́ òsì," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ku ká fi bíríìjì lé e!"

Ọkọ mi gbé àtàǹpàkò rẹ̀ han bàbá onílé. Ó ti pọ́n, ó ti wú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó mọ́ mi lọ́wọ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré. Epo ti pọ̀ lójú pátákó, èyí tó ń dán ò lè..."

"Ìwúre ni kò tíì wọ inú rẹ̀ dáadáa." Bàbá náà ti ń rún òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ihò àtàǹpàkò nìkan ló dojú kọ. Kò tu itọ́ mọ́, ó da gbogbo ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. Ó tún fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé, bí ẹni ń dí ihò eku.

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ìyókù. Ọkọ mi sáré, ó fi apá sẹ́yìn, ó jù ú síwájú, bọ́ọ̀lù fẹ́ lọ ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kò jáde. Ìwúwo rẹ̀ fà á kọjá ìlà bọ́ sórí epo, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi àyà lélẹ̀, bọ́ọ̀lù sì já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já ara rẹ̀ gbà tòun ti èékánná. Èékánná àtàǹpàkò ọkọ mi wà nínú ihò, nínú orógbó tó rún àti itọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sórí pátákó tó ń dán bí dígí.

Bàbá onílé sáré. Mo rí i bó ṣe ń sáré, mo ní ó ku díẹ̀ kí n dárí jì í. Ó sáré kọjá lára ọkọ mi nílẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù yí lọ ló sáré lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yí i wò bóyá ara rẹ̀ ti bó.

"Ìyá Táíwò! Mú àkísà wá! Ẹ̀jẹ̀ ti ń gbẹ mọ́ ọn!"

Níbi tí mo sì ti ń wò ó lẹ́nu, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ilẹ̀: "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ má bínú, sà."

Mo ti fọ oríṣiríṣi ẹ̀gbin níbẹ̀. Èébì ọ̀mùtí, mo fọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ ní ilé ìgbẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo sì lọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ má bínú" yẹn, láti ẹnu ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, sí ẹni tó ń nu bọ́ọ̀lù, òun ló kó mi nírìíra jù láyé mi. Mo ju àkísà sílẹ̀ níwájú bàbá onílé. Mo tú gèlè orí mi, mo fi di ọwọ́ ọkọ mi. Alága Ìkòtún tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbé e dìde, ó ní, "Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ mi, ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," kò sì dúró mọ ẹgbẹ́ tó borí.

Ohun tó wà nínú ihò yẹn ti wọ inú ẹran ara rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, àtàǹpàkò náà ti wú bí orógbó gan-an, ó dúdú lórí, ó ń ṣọyún, ó sì ń rùn. Yàrá kan ṣoṣo la ní. A jọ ń gbé pẹ̀lú òórùn náà ni, èmi, òun àti àwọn ọmọ. Dókítà ọsibítù ìjọba wẹ̀ ẹ́, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó ní tí a bá padà wá tí dúdú náà bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí oríkèé, òun á gé e. Ó ní omi iyọ̀ nìkan ni kí a máa fi wẹ̀ ẹ́, nǹkan mìíràn kò gbọ́dọ̀ kàn án. Agbádá àwọn oníbàárà ṣì ń rọ̀ lára ògiri, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ọ̀kan níbi tó bá a dé. Wọ́n ń wá kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi á yíjú sí ògiri bí wọ́n bá ń ká aṣọ wọn.

Láàárín àwọn ọjọ́ yẹn ni bàbá onílé wá kí wa, tòun ti àwọn onílé méjì àti búrẹ́dì kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ egbò náà tán ni, mo ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ọkọ mi fẹ́ dìde dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà ní kó jókòó. Ó kẹ́dùn díẹ̀, ó ní ayé ló ń ṣe é, ó ní àwọn ará Ìkòtún ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ló bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú orógbó jáde, ó gé e jẹ.

"Na ọwọ́ yẹn wá, Télọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wúre sí i."

Mo wo ọkọ mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ń na ọwọ́ náà. Ojú rẹ̀ ti ń di bí ti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ń nà án. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá onílé ti yọ gbọ̀ngbọ̀n, ètè rẹ̀ ti ń tutù. Bí mo ṣe bọ́ sí àárín wọn, n kò mọ̀. Mo ṣáà bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, mo kọ ẹ̀yìn sí ọkọ mi, mo sì fi ara dí ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Àdúrà yín, etí wa ló ń gbà á. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́, a ó ṣe àmín. Èyí tó wà lẹ́nu yín yẹn, ẹ gbé e mì, sà."

"Kí lo wí?" Ó fẹ́rẹ̀ má lè sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ kún.

"Mo ní kí ẹ gbé e mì, bàbá. Nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ kan egbò náà."

"Ìyá Táíwò!" Ọkọ mi ló pariwo lẹ́yìn mi, bí ẹni tí mo bọ́ sí ìhòhò. N kò dìde. Mo tún fi orí kan ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn onílé méjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, n kò sì rò pé ikọ́ ni. Bàbá onílé wo ojú fèrèsé, ó wo ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó wo orí mi. Kò ríbi tu ú sí. Ó gbé e mì. Mo rí gògóńgò rẹ̀ tó lọ sókè tó sọ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi, torí orógbó tí a kò tíì rún tán kò dùn ún gbé mì o. Ó wúre ráńpẹ́ pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ, mo sì pariwo àmín ju gbogbo wọn lọ.

Wọn ò gé ìka náà. Dúdú rẹ̀ kò kọjá orí, ó bó, ara tuntun bò ó, ṣùgbọ́n kò mọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ọkọ mi ní láti fi ìka tó tẹ̀lé e kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bàbá onílé ní àbúrò òun ń bọ̀ láti ìlú, òun fẹ́ lo yàrá òun. A kó lọ sí Ìgàndó, nígbà tí ìgbẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀. N kò padà sí òtẹ́ẹ̀lì náà. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ tó já gaara fún ìgbà pípẹ́. Ó ní mo dójú ti òun lójú àwọn àgbà. Ọjọ́ kan ló ń tẹ orí ránṣọ, n kò tilẹ̀ bá a wí nǹkan kan, ló dédé ní, "Ẹ gbé e mì, sà." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ sọ nù, a sì jọ rá lórí ilẹ̀ wá a.

Èmi náà ti di àgbà báyìí. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ń dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ọ̀wọ̀ kò kó mi nírìíra. Ohun tó kó mi nírìíra ni ẹni tó ń fúnni ní nǹkan tí kò wo ọwọ́ ẹni tó ń gbà á, ojú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ló ń wò. Irú wọn kò tíì tán. Bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Nígbà tí àwọn ìbejì mi dàgbà, tí ọ̀kan ríṣẹ́, tí èkejì ń lọ sílé ọkọ, mo pè wọ́n jókòó. Mo ní, ẹ kúnlẹ̀ fún àgbà, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí àyà kanlẹ̀, ilẹ̀ ò ní bù yín jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá na nǹkan sí yín, orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ ti wò ó bóyá ó gba ọwọ́ yín. Bí kò bá gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ ní ẹ ò lè gbà á, kí ẹ má sì dìde níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbé e kúrò níwájú yín.

Táíwò ní, "Màámi, bí wọ́n bá bínú ńkọ́?"

"Wọ́n á bínú," mo wí fún un. "Ìbínú wọn á sì rọ̀. Èékánná bàbá rẹ ni kò hù mọ́."